Fóònù Tí Mo Yàn fún Àbúrò Mi

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé títí di oṣù tó kọjá kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Irọ́ tèmi kò tíì pé ogún, mẹ́tàlá ni, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí láti máa sáré níwájú. Èmi Towera Harawa, tí gbogbo ìlú Mzuzu mọ̀ sí NyaHarawa onífóònù, ìyẹn ọmọbìnrin ilé Harawa, èmi ni mo mọ̀ọ́mọ̀ yan fóònù tí kò ní dún fún àbúrò mi, kí lẹ́tà tí ìbá gbé e lọ sí òkè òkun lè dé láìjẹ́ pé ó mọ̀. N kò mutí yó lọ́jọ́ náà, kò sì sí ẹni tó tì mí. Èṣù tí àwọn ènìyàn máa ń dá lẹ́bi kò sí nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Èmi àti àbúrò mi nìkan ló wà níbẹ̀.

Vitumbiko ni orúkọ àbúrò mi obìnrin náà, Vitu là ń pè é, ọdún mẹ́jọ ni mo sì fi jù ú lọ. Nọ́ọ̀sì ni ní ilé ìwòsàn kékeré kan nítòsí abúlé wa ní apá Rumphi, ọ̀dọ̀ màmá wa ló sì ń gbé nígbà náà. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú Màmá. Apá ọ̀tún àti ìdajì ẹnu rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Vitu ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fún un ní nsima, òkèlè àgbàdo wa, díẹ̀díẹ̀, òun ló ń yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ má bàa dégbò kí ó tó gba ibi iṣẹ́ lọ. Èmi wà ní Mzuzu, mò ń ta fóònù, mo ń fi ọṣẹ àti ṣúgà ránṣẹ́. Bí wọ́n bá ń yìn wá pé àwọn ọmọ Harawa tọ́jú ìyá wọn, mo máa ń gba ìdajì ìyìn náà, ojú kì í sì í tì mí. Nígbà tí Vitu wá sọ pé òun ti kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Scotland tó ń kọ́ àwọn agbẹ̀bí, pé wọn yóò sanwó fún ẹni tí wọ́n bá mú, pé ọdún mẹ́ta ni, gbogbo ilé yọ̀. Èmi náà yọ̀ lójú. Ohun tí mo rò nínú ni pé, ta ni yóò máa yí Màmá? Èmi ni àgbà nínú àwa obìnrin, ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo ojú yóò yí sí. NyaMsiska, ìyàwó Khumbo ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin, ti ní òun yóò gbé Màmá sọ́dọ̀. N kò gbà á gbọ́. Kí n kúkú sọ òótọ́, n kò fẹ́ gbà á gbọ́, nítorí mo mọ ohun tí àwọn obìnrin ìjọ wa máa sọ nípa ọmọ tó jẹ́ kí ìyàwó ilé wẹ ìyá òun. Màmá fúnra rẹ̀ fi ìdajì ẹnu rẹ̀ bá mi sọ ọ́: "Towera, jẹ́ kí ó lọ. Èmi kì í ṣe èèkàn tí wọ́n ń so ewúrẹ́ mọ́." Mo ní mo ti gbọ́.

Ímeèlì ni ilé ẹ̀kọ́ náà fi ń fèsì. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni Vitu ń gun ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Rumphi, kí ó lè wo ímeèlì rẹ̀ ní ilé kọ̀ǹpútà tó wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà a sáré padà kí Màmá má bàa dá wà pẹ́. Ó sú u. Ó wá bá mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó jókòó sórí àga oníbàárà, ó bọ́ bàtà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wá fóònù tí ímeèlì lè máa wọlé sí. Kí ó má wọ́n o, kí dátà rẹ̀ náà má sì pa mí lẹ́kún. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Èyí tí ẹ bá yàn ni mo gbà."

Méjì ló wà nínú àpótí onígíláàsì mi tí agbára rẹ̀ ká. Ọ̀kan jẹ́ àlòkù láti Tanzania, dúdú, ara rẹ̀ ti họ, bọ́tìnì ábídí kún ojú rẹ̀. Kò lẹ́wà rárá. Ṣùgbọ́n ímeèlì ni wọ́n ṣe é fún. Ó ní dátà olóṣooṣù tirẹ̀, ti ímeèlì nìkan, tí kò wọ́n. Ibi yòówù kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti kàn án, ì báà jẹ́ nínú ọkọ̀, yóò fúnra rẹ̀ fa lẹ́tà wọlé, yóò sì dún. Èkejì jẹ́ tuntun, pupa, olójú síìmù méjì, iná tọ́ọ̀ṣì lórí, orin rẹ̀ ń ro gbogbo ilé. Òun náà lè gba ímeèlì, ṣùgbọ́n àfi kí ènìyàn ṣí i fúnra rẹ̀, kí ó tẹ̀ ẹ́ kí ó wá a, bí dátà bá sì kọ̀, àwọn lẹ́tà àtijọ́ ni yóò kó síwájú rẹ bí ẹni pé kò sí nǹkan tuntun. Bó bá jẹ́ oníbàárà mìíràn ni, ǹ bá ti sọ ìyàtọ̀ yìí fún un láàárín ìṣẹ́jú kan. Àlòkù náà ni Vitu kọ́kọ́ mú. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní, "Fi ìyẹn sílẹ̀, bátìrì rẹ̀ ti kú. Àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì ló ń lo irú rẹ̀." Bátìrì rẹ̀ kò kú. Pásítọ̀ kan rà á lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ kejì, ó sì lò ó fún ọdún mẹ́rin, kò yé dúpẹ́.

Kò tán síbẹ̀. Mo fi dátà òru sí fóònù pupa náà fún un. Ó pọ̀, ó sì dínwó gan-an, ṣùgbọ́n láti agogo méjìlá òru sí márùn-ún ìdájí nìkan ló ń ṣiṣẹ́. N kò sọ ìyẹn. Mo ní, "Èyí ló pọ̀ jù lọ fún owó kékeré." Òótọ́ ni, mo sì fi òótọ́ náà sin irọ́. Nítorí mo mọ abúlé wa. Orí òkìtì tó wà lẹ́yìn ilé ìwé nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé lọ́dún náà, níbi tí gbogbo abúlé ti ń na ọwọ́ sókè lójú ọ̀sán bí ẹni ń ṣàdúrà. Ta ni yóò fi ìyá tó rọ sílẹ̀ lọ gun òkìtì ní agogo méjìlá òru? Mo ti ro gbogbo rẹ̀ kí n tó fi síìmù sínú ẹ̀rọ. Mo wá sọ fún un pé ẹ̀bùn ni fóònù náà, kí ó tọ́jú owó rẹ̀, kí ó má sì da ara rẹ̀ láàmú lọ sí Rumphi mọ́ lọ́jọ́ Sátidé, pé bí lẹ́tà bá dé, yóò gbọ́ ọ. Ẹ̀bùn tí mo pè é yìí ni mo fi dè é. Láàárín wa, ẹni tó bá gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà kì í yí i wò lójú ẹni tó fún un. Àbúrò mi kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó sì tì í sínú àpò láìtẹ bọ́tìnì kan. Bó bá jẹ́ pé owó ló fi rà á ni, ì bá ti da ìbéèrè bò mí.

Lẹ́tà náà dé lọ́jọ́ kẹta oṣù kẹfà. Mo mọ̀, nítorí mo máa ń kọ páásíwọ́ọ̀dù àwọn tí mo bá bá ṣí ímeèlì sórí fóònù sínú ìwé kan, torí wọ́n máa ń gbàgbé, tirẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń ṣí i lórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n ti mú un. Wọ́n ní kí ó fèsì kí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrìnlá tó lù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àyè rẹ̀ di ti ẹlòmíràn. Mo kà á tán, mo sì sọ ọ́ padà sí lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí. Wo irú ọgbọ́n tí mo ní! Ọjọ́ mọ́kànlá ni Ọlọ́run fún mi láti ronú pìwà dà. Mo ta fóònù, mo jẹun, mo kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ.

Ọjọ́ kẹtàlá ni mo ṣe èyí tó burú jù. Vitu wá sí Mzuzu láti gba oògùn Màmá ní ilé ìwòsàn ńlá, ó sì yà lọ́dọ̀ mi. Ó gbé ewé elégédé àti ìyẹ̀fun ẹ̀pà wá fún mi. Ó ti rù. Ó ní òun ń gun òkìtì lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, òun ń tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ ń yí kiri, lẹ́tà àtijọ́ náà ló ń kó jáde. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, àbí èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n tẹ̀?" Kí ẹ wo ibi tí ìkà ti ń wá: àyè ló fún mi yẹn, mo sì gbà á. Mo ní, "Ìwọ náà mọ ara rẹ. Ọwọ́ rẹ kò yá sí nǹkan ẹ̀rọ láti kékeré." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wo kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́yìn mi. "Ẹ jẹ́ kí n kúkú fi tiyín wò ó."

Mo ní láti àárọ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ.

Kò lọ síbì kankan. Mo dìde, mo dúró sáàárín òun àti ẹ̀rọ náà, mo bu tíì fún un, mo gé chigumu, búrẹ́dì àgbàdo, sí i. Ó jẹ ẹ́. Ó sọ fún mi bí Màmá ṣe rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ Àìkú. Mo wo aago ara ògiri, mo sì sọ fún un pé ọkọ̀ Rumphi ti fẹ́ gbéra, kí ó má bàa pẹ́. Èmi ni mo gbé báàgì rẹ̀ tẹ̀lé e dé ibùdókọ̀. Ká ní mo jókòó jẹ́ẹ́ láìṣe nǹkan kan rárá, ì bá ti ka lẹ́tà rẹ̀ níwájú mi, wákàtí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló sì kù.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo ní kí ó wá kí n bá a yẹ fóònù náà wò. Mo ṣí i fún un. Ó rí orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà, ó rí ọjọ́ kẹrìnlá, ojú rẹ̀ kò lọ síwájú mọ́. Kò sunkún. Ó ní, "Èmi ni mo pa ara mi. Ará oko ni mí, kí ni mò ń wá nídìí nǹkan báyìí?" Ó pa lẹ́tà náà rẹ́. Ó wá kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo gbìyànjú. Kò kọ̀wé síbì kankan mọ́ láti ọjọ́ náà. Màmá kú nínú oṣù kọkànlá. Oṣù márùn-ún péré ni mo torí rẹ̀ ba ọdún mẹ́ta àbúrò mi jẹ́, kí n tó sọ ti gbogbo ọdún tó tẹ̀lé e.

Ẹ ó bi mí pé kí ló wá dé báyìí. Lusungu, ọmọ Vitu, ló dé. Ó ti pé ọmọ ọdún méjìlá, iléèwé sì ní kí ó ní fóònù kékeré tí wọn yóò máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí. Ìyá rẹ̀ mú un wá bá mi lóṣù tó kọjá, ó sì sọ fún un níwájú mi pé, "Ohun tí Màmá-àgbà, ẹ̀gbọ́n mi yìí, bá yàn ni kí o gbà. Àwọn ló yan tèmi. Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n lò." Ọmọ náà ti ń kúnlẹ̀. Mo ní kí ó lọ bá mi ra iyọ̀ lódìkejì títì, nígbà tó sì jáde, mo sọ fún ìyá rẹ̀ gbogbo ohun tí mo sọ fún yín yìí, láti orí bátìrì dórí tíì.

Vitu gbọ́ mi dé ìparí. Kò gbé ohùn sókè. Mo rò pé èpè ló ń bọ̀. Ohun tó bi mí ni pé, "Kí ni wọ́n kọ sínú rẹ̀? Mi ò kà á tán." Mo mọ̀ ọ́n lórí, mo ti ń kà á fún ara mi láti ọdún mẹ́tàlá. Mo ní wọ́n kọ ọ́ pé nínú ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn tó kọ̀wé, tirẹ̀ ni àwọn kà fún ara àwọn sókè, nítorí bó ṣe ṣàlàyé ọ̀nà tó gbà gbẹ̀bí ìbejì pẹ̀lú iná àtùpà kan ṣoṣo, àti pé àwọn olùkọ́ ń retí láti kọ́ nǹkan lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Lusungu gbé iyọ̀ wọlé. Vitu di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó ní kí ó yan fóònù fúnra rẹ̀, kí ó tẹ gbogbo rẹ̀ wò, kí ó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán an lójú. Ó sanwó, ó gba ṣéńjì, wọ́n sì jáde.

Ẹ̀yin ọmọdé tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí, bí àgbà bá fún yín ní nǹkan, ẹ kúnlẹ̀, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ṣùgbọ́n ẹ dán an wò lójú rẹ̀. Bí inú bá bí i, ẹ jẹ́ kí ó bí i. Èyí tí inú rẹ̀ mọ́ yóò bá yín dán an wò. Ní tèmi, mo ń tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ àbúrò mi níwájú gbogbo yín, n kò sì ní kí ó kánjú dá mi lóhùn. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá a pàdé lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn. Ó kí mi dáadáa, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, NyaHarawa." Orúkọ tí àwọn oníbàárà ń pè mí nìyẹn. NyaHarawa ni òun náà, baba kan náà ló bí wa. Mo dá a lóhùn. Ọjọ́ tó bá tún pè mí ní ẹ̀gbọ́n, ì báà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, n ó mọ̀ pé ó ti dárí jì mí.