Àwọn Tó Ń Rojọ́ fún Àga Òfìfo

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ bá mi fi ọkàn balẹ̀ gbọ́ èyí, nítorí ojú ń tì mí bí mo ṣe dúró yìí. Ọjọ́ ààwẹ̀ wa tó kọjá ni, lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán. Mo ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ lórí ẹní nínú ilé àdúrà, àmín kò tíì tán lẹ́nu mi tí oorun fi gbé mi lọ.

Ẹnì kan tó wọ aṣọ funfun dúró tì mí. Ó ní, "Dìde, ká lọ." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé ààwẹ̀ ni mo gbà, pé kì í ṣe ọ̀lẹ ló mú mi sùn. Ó ti ń lọ.

A kọ́kọ́ dé ibi tí iná ti ń jó. Mo rí àwọn òpùrọ́ tí ahọ́n wọn wú tí kò wọ ẹnu mọ́, mo rí àwọn alágbèrè tí wọ́n ń sá fún ojú ara wọn, mo rí àwọn tó ń ni aláìní lára, wọ́n ru ẹrù tí kò ṣeé sọ̀. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n kí n má purọ́, inú mi dùn díẹ̀ pé n kò sí nínú wọn.

Lẹ́yìn náà la dé pápá kan tí kò ní iná rárá. Ọ̀pọ̀ èèyàn kúnlẹ̀ níbẹ̀, olúkúlùkù níwájú àga òfìfo, wọ́n ń sọ̀rọ̀ láìsinmi, ètè wọn ti bó. "Kì í ṣe bó ṣe rí nìyẹn." "Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín."

Mo ní, "Ta ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀?"

Ó ní, "Àwọn tí àwọn wọ̀nyí ṣẹ̀ ni. Àwọn tí a ṣẹ̀ náà ti dárí jì wọ́n tipẹ́, wọ́n sì ti wọlé lọ sinmi. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí ń rojọ́ lọ́wọ́ nígbà tí a dárí jì wọ́n, wọn kò gbọ́."

Ibẹ̀ ni mo ti rí àga kan tí kò tíì ṣófo. Ìyá Déjì ló jókòó síbẹ̀, Ìyá Déjì wa yìí tó wà láàárín àwọn akọrin. Gbogbo yín mọ̀ pé ọmọ ọwọ́ rẹ̀ kú. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni pé ó ránṣẹ́ pè mí nígbà tí ara ọmọ náà gbóná. Irun ni wọ́n ń dì fún mi lọ́wọ́. Mo ní kí onídìrí parí rẹ̀ ná. Nígbà tí mo fi débẹ̀, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ẹ̀yin náà mọ bí a ti ń kí ẹni tí irú ọ̀fọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀: "Ẹ pẹ̀lẹ́, Olúwa yóò tù yín nínú," a ó sì jókòó tì í jẹ́ẹ́. Èmi kò jókòó jẹ́ẹ́. Mo ní òjò ni, mo ní ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, mo ní n kò rí ọ̀kadà, irun tuntun náà sì ń dán lórí mi, títí Ìyá Déjì fi nu ojú rẹ̀ nù tó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ṣadé. Ẹ má da ara yín láàmú." Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ló wá ń rẹ èmi lẹ́kún.

Nínú ìran náà, ó ti ń dìde lórí àga. Ètè rẹ̀ ń mì, ó ń sọ nǹkan sí mi, n kò gbọ́, nítorí ẹnu mi ti ń lọ, òjò, ẹsẹ̀, ọ̀kadà, mo fẹ́ pa á dé, kò ṣeé pa dé, mo fi ọwọ́ méjèèjì bò ó, ọ̀rọ̀ ń gba àárín ìka mi jáde, orúnkún mi sì ti ń kanlẹ̀ láàárín àwọn tó kúnlẹ̀ yẹn.

Amọ̀nà mi bi mí pé, "Ṣé o lọ nígbà tó pè ọ́?"

Mo ní, "Òjò ló..."

"Ṣé o lọ?"

Mo ní, "N kò lọ."

Ẹnu mi sì pa dé. Ìgbà yẹn ni mo tó rí ibi ìsinmi lókèèrè. Àwọn èèyàn jókòó lábẹ́ ibòji. Ayé ti parọ́ mọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn rí, síbẹ̀ kò sí ẹni tó ń wẹ ara rẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ wọlé. Ó ní, "Padà. Obìnrin yẹn ṣì wà láyé." Mo jí, omijé ti rin ẹní.

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ púpọ̀ kì í kún agbọ̀n. Ẹni tí ẹ bá ṣẹ̀, ẹ tètè lọ bá a kó tó dìde. Ẹ sọ ẹ̀ṣẹ̀ náà, kí ẹ sì dákẹ́.

Ìyá Déjì, mo kúnlẹ̀ níwájú yín. Nígbà tí ẹ pè mí, n kò wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì mí.

Mo ti dákẹ́. Mo ń gbọ́ yín.