Àdúrà Tí Sàláhúdéènì Gbà Nínú Yàrá Dókítà

Ọ̀rọ̀ tó wà nínú Sàláhúdéènì, àfi kó jáde lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Tó bá di ọjọ́ kejì, bàálù á ti gbé e kúrò ní O'Hare lọ sí Mẹ́kà, á sì gbé irọ́ náà dání dé ilé Ọlọ́run. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa nìkan ló lè wo ojú ẹ̀ kó mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á, nítorí ó múra bí ẹni tó ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ ọ́n dáadáa ní Chicago? Ìyàwó ẹ̀ ti kú. Ọmọ ẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo wà ní Texas, àfi tí ọdún Iléyá bá dé kó tó pe bàbá ẹ̀. Edgewater lọkùnrin náà ń gbé, nínú ilé gogoro kan tó kọjú sí adágún, níbi téèyàn ti lè bá ará ilé wọ elevator láti ọdún dé ọdún kó má mọ orúkọ ẹ̀. Ibẹ̀ ló ti wa mọ́tò lọ sílé ẹni tó fẹ́ bẹ̀ ní Country Club Hills. Ó pa rédíò, ó ń fi ọ̀rọ̀ tó fẹ́ lọ sọ kọ́ ẹnu ara ẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá kà á, ibì kan náà ló máa ń fò.

Ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá ń lọ Mẹ́kà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tó ti ṣẹ̀. Ohun téèyàn bá ṣẹ Ọlọ́run, Ọlọ́run lè forí jì í. Èyí téèyàn bá ṣẹ ọmọ aráyé, àfi kí ọmọ aráyé náà yọ̀ǹda. Ṣùgbọ́n àwa náà! A ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. "Ẹ forí jì mí o." "Ó ti tán, láyé lọ́run." Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé kí ni gan-an là ń forí jì.

Ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé Sàláhúdéènì ò tí ì jókòó dáadáa tí Kàfáyàtù fi fún un lóhun tó wá gbà. Kàfáyàtù yìí, nọ́ọ̀sì ni, opó ni, òun ló bí Abdulqowiyy tá à ń pè ní Qowiyy. Aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n! Alhaji wa! Ẹ wọlé o. Ẹ má wo ilé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti shift ni."

"Ìyá Qowiyy, ọ̀la la máa gbéra. Mo wá tọrọ àforíjì ni."

"Àforíjì kẹ̀? Ẹ̀yin? Kí lẹ ṣe fún wa tí kì í ṣe dáadáa? Àwọn tí wọ́n bá Qowiyy gbá họ́kì ti gbàgbé ẹ̀, ẹ̀yin nìkan lẹ ṣì ń wá jókòó tì í. Mo ti forí jì yín, láyé lọ́run. Ẹ ṣáà bá ọmọ mi gbàdúrà ní Arafa. Ẹ jẹ́ n gbé mọ́ín-mọ́ín wá."

Wẹ́rẹ́ báyìí. Ó ti rí i gbà. Ká ní ọkùnrin náà jẹ mọ́ín-mọ́ín ẹ̀, tó dìde, tó lọ, kò sí ọmọ aráyé kan tó máa dá a dúró. Ó gbé síbí, ó tún gbé e kalẹ̀. Lókè ilé, Qowiyy wà nínú yàrá tí wọ́n fi kọ́tìnnì dúdú bò. Ọmọ tó ń sáré lórí yìnyín tẹ́lẹ̀ kò lè wo iná mọ́ láìsí gíláàsì dúdú lójú. Ó lè bi yín ní ìbéèrè kan láàárọ̀, kó tún bi yín lọ́sàn-án bí ẹni pé kò bi yín rí.

Tẹ́ ẹ bá ní ọmọ Yorùbá wo ló ń gbá họ́kì orí yìnyín, ẹ ò jẹ̀bi. Bàtà onírin ni wọ́n ń wọ̀, ọ̀pá ni wọ́n fi ń lé róbà pẹlẹbẹ kan, wọ́n á sì máa fi ara gbá ara wọn mọ́ ògiri bí àgbò. Kékeré ni Qowiyy ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dàgbà, ẹgbẹ́ kan ní Chicago tí wọ́n ń pè ní Harbormen mú un wá láti ẹgbẹ́ kékeré kan ní Iowa, pé kí àwọn fi sáà kan dán an wò. Tó bá farapa, wọ́n á dá a padà sí Iowa, wọ́n á pe ẹlòmíràn. Sàláhúdéènì ni trainer níbẹ̀, òun ló ń wọ́ iṣan fún wọn, òun ló ń di ẹsẹ̀ tó bá rọ́. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà, wọn ò fìyà jẹ ẹ́, wọn ò sì bá a sọ̀rọ̀ kọjá "Hey, Salah." Ọjọ́ tí Qowiyy kọ́kọ́ wọlé, ó ní "Ẹ káàárọ̀ sà" tòun ti ahọ́n Amẹ́ríkà ẹ̀, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ tòun ti bàtà onírin lẹ́sẹ̀, díẹ̀ ló kù kó ṣubú. Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Sàláhúdéènì wọ ilé ìtọ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sunkún.

Látọjọ́ náà, kí wọ́n tó bọ́ sórí yìnyín, á gbé ọwọ́ lé orí ọmọ náà, á fi Yorùbá ṣàdúrà fún un. Ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í borí. Ni àwọn òyìnbó bá gbà pé àdúrà yẹn ni! Wọ́n á dúró, wọ́n á ṣí akoto, wọ́n á pariwo "Ah-meen!" láìmọ ohun tí wọ́n ń ṣe àmín sí. Kò sẹ́ni tó jẹ́ dá Sàláhúdéènì lẹ́nu tó bá ti gbé ọwọ́ lé orí ọmọ yẹn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò jẹun."

"Ìyá Qowiyy, àforíjì yẹn, ẹ dá a dúró ná." "Òpùrọ́ lẹ gbà sílé. Bẹ́ ẹ ṣe ń gbé oúnjẹ fún mi yìí, bí iná ló máa ń rí lọ́nà ọ̀fun mi. Ẹ rántí ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbá a mọ́ ògiri, tí ìdíje ìparí sáà kù sí dẹ̀dẹ̀? Wọ́n mú un wá sí yàrá Dókítà Stella, èmi náà wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá gbá èèyàn lórí, ìdánwò kan wà tí wọ́n máa ń ṣe. Dókítà á pe ọ̀rọ̀ márùn-ún, á bá èèyàn sọ nǹkan mìíràn, á wá ní kó ka ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn padà. Tí kò bá rántí, ó parí, kò ní gbá a mọ́. Stella pè é: lamp, chair, rain, orange, horse. Mo gbọ́. Nígbà tó ní kí Qowiyy kà á, ọmọ yẹn ń wò mí bí ẹni tó sọnù. Ni mo bá ní kí Stella jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí n ṣàdúrà díẹ̀. Ó ní, 'Of course, Salah, go ahead.' Ó tiẹ̀ tẹrí ba fún wa. Èmi, tí mo ń kírun márààrún!"

"Àdúrà wo lẹ ṣe?"

"Mo ní, Ọlọ́run má jẹ́ kí fìtílà rẹ kú. Kí wọ́n má gba àga lábẹ́ rẹ. Kí òjò ìbùkún rọ̀ sórí rẹ. Kí ayé rẹ dùn bí ọsàn. Kí ẹṣin rẹ má kọsẹ̀."

"Àmí..." Àṣà ló tì í sí Kàfáyàtù lẹ́nu. Kò parí ẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni, kò nílò ẹni tó máa ṣàlàyé ẹ̀ fún un. Ó wo ọwọ́ ara ẹ̀, ó ń tẹ ìka kọ̀ọ̀kan: lamp, chair, rain. Nígbà tó dé ẹṣin, ó di ọwọ́ náà mọ́ra.

"Ó ṣe àmín," Sàláhúdéènì ní, "ó yíjú sí Stella, ó ka márààrún. Stella ní kó máa lọ. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tún gbá a, èyí tẹ́ ẹ rí nínú tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n wá lé Stella kúrò níṣẹ́ pé kò yẹ orí ọmọ náà wò dáadáa. Ó dá mi dúró lọ́nà, ó ní, 'Salah, what did I miss?' Mo ní mi ò mọ̀."

"Yéè! Obìnrin yẹn! Látìgbà yẹn ni mo ti ń ṣépè fún un lórí ẹní ìkírun mi!" Kàfáyàtù nu ojú. Inúure tó wà nínú obìnrin náà ló tún sọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n mo mọ ọmọ tí mo bí. Qowiyy ò rántí ọjọ́ yẹn mọ́, àmọ́ òun náà gbà pé agídí òun ni. Ojoojúmọ́ ló ń bẹ̀ mí, 'Mummy, I'm sorry, èmi ni mo ṣe é fún ara mi.' Ó bẹ̀ yín ni, ẹ ò lè sọ pé rárá fún un. Àbí?"

Ibi tó máa ń fò nínú mọ́tò nìyí. Àforíjì kejì rèé, obìnrin náà tún fọwọ́ ara ẹ̀ gbé e fún un. "Bẹ́ẹ̀ ni" péré ló kù kó sọ. Ọkùnrin náà kúrò lórí àga, ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ẹni tí kò tó o bí.

"Kò bẹ̀ mí. Kí Stella tó wọlé, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, 'Uncle, orí ń fọ́ mi. I want to go home. Ẹ sọ fún wọn pé mo fẹ́ lọ sọ́dọ̀ mummy mi.' Mo ní kó panu mọ́. Mo ní ọkùnrin kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní tí mo bá ń ṣàdúrà, kó fetí sí i dáadáa, ibẹ̀ ni ìdáhùn wà."

"Kí ló dé? Kí ni ọmọ mi fi ṣe yín?"

"Wọ́n á dá a padà sí Iowa. Á tún wá ku èmi nìkan. Kò sí nǹkan mìíràn, Ìyá Qowiyy. Mo kàn ń fẹ́ ẹni tí á máa kí mi ẹ káàárọ̀ ni."

Ohùn kan ló dún láti orí àtẹ̀gùn.

"So... kì í ṣe èmi?"

Qowiyy ti sọ̀ kalẹ̀ dé ìdajì, gíláàsì dúdú lójú, ọwọ́ kan lára ògiri.

"Kì í ṣe ìwọ," ni Sàláhúdéènì wí. "Èmi ni."

"Mo ní mo fẹ́ wálé?"

"O ní o fẹ́ wálé."

Ọmọ náà jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. Kàfáyàtù lọ jókòó tì í, ó gbé orí ẹ̀ sáyà. Láti ibẹ̀ ló ti sọ̀rọ̀. "Àforíjì tí mo fún ọ lẹ́ẹ̀kan, mo gbà á padà." Látìgbà tí wọ́n ti mọra, kò sọ "ọ" sí i rí. "Pe Stella. Fi Gẹ̀ẹ́sì tó máa yé e sọ ọ́. Má sì fi àdúrà kankan kún un."

Sàláhúdéènì dìde. Ó ti di ilẹ̀kùn mú nígbà tí Qowiyy pè é. "Uncle, ẹ padà wá lọ́la. Ẹ tún un sọ fún mi pé kì í ṣe èmi. Mo máa gbàgbé. I always forget." Sàláhúdéènì wo Kàfáyàtù. Kàfáyàtù mọ ohun tí ọ̀la jẹ́. Kò ní kó má wá.

Inú mọ́tò, níwájú ilé yẹn, ló ti pe Stella. Ohun tí Stella sọ fún un, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí dòní.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn tí wọ́n jọ fẹ́ lọ ń pe fóònù ẹ̀ láti O'Hare, pé Alhaji dà, wọ́n ti ń wọ bàálù o. Fóònù ń dún lórí ìjókòó mọ́tò, ọ̀nà Country Club Hills ni mọ́tò náà wà. Kàfáyàtù ṣílẹ̀kùn fún un láìkí i. Ó gun àtẹ̀gùn, ó dúró lẹ́nu yàrá tó ṣókùnkùn yẹn.

"Qowiyy, kì í ṣe ìwọ. Èmi ni."

"Uncle, ẹ káàárọ̀ sà," ni ohùn náà wí látinú òkùnkùn. "Kí ni kì í ṣe èmi?"

Sàláhúdéènì jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò fo ibì kankan.