Nítorí Ẹ̀rí Tí A Ti Jẹ́

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ gbọ́ mi. Èmi Ìyá Bọ́sẹ̀ tí ẹnu mi kì í dákẹ́, ẹkún ni mo gbé wá lónìí.

Lọ́jọ́ Ẹtì, bí mo ṣe parí àdúrà ọ̀sán lórí ẹní ni oorun gbé mi lọ. Ọkùnrin aláṣọ funfun kan fà mí lọ́wọ́, ó ní, "Dìde, ká lọ."

A dé àfonífojì tó ń rú èéfín. Mo rí alágbèrè, mo rí àwọn tó gba ilẹ̀ opó. Mo rí ọkùnrin kan tó ń gbé oògùn mì láìdúró, inú rẹ̀ ń jó. Amọ̀nà mi ní, "Ayédèrú oògùn ló tà fún aláìsàn." Mo ní, "Ó tọ́ sí i!" Àṣé mi ò tíì rí tèmi.

Mo rí bẹ́ǹṣì gígùn kan, iná ń jó lábẹ́ rẹ̀, àwọn tó jókòó síbẹ̀ ń la ẹnu, ohùn ò jáde. Amọ̀nà ní, "Òpùrọ́ ni wọ́n. Wọ́n ní kí aláìsàn máa sọ pé ara òun ti yá." Mo wò ó, àyè kan ṣófo, mo yí padà kí n sá, mo ké Jésù, Jésù, Jésù, iná ń bọ̀, yéè, mo mọ̀ pé àyè mi ni!

Ẹ mọ Rótìmí àbúrò mi, télọ̀. Kíndìnrín mi kan ni wọ́n gbé sí i lára, ẹ̀yin lẹ dáwó iṣẹ́ abẹ. A dúpẹ́, a jó, mo gba gbohùngbohùn, mo ní, "Ó ti parí!" Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara rẹ̀ kọ kíndìnrín náà. Abẹ́rẹ́ tí dókítà kọ fún un wọ́n ju iṣẹ́ abẹ lọ lójú wa. Rótìmí ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká padà bá ìjọ sọ̀rọ̀."

Mo ní, "Lẹ́yìn tá a ti jẹ́rìí? Ojú wo la fẹ́ fi wò wọ́n? Ikú yá ju ẹ̀sín. Máa sọ fún wọn pé ara rẹ ti yá." Ó ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ń fi oògùn ọjọ́ kan lo ọjọ́ méjì. Oṣù tó kọjá la sin ín.

Amọ̀nà mú mi dé ibi tútù kan. Rótìmí jókòó létí odò, ó ń mu omi. Nílé ìwòsàn, torí kíndìnrín tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, ife kékeré ni wọ́n fi ń wọn omi fún un, á máa bẹ̀ wọ́n. Mo ké, "Rótìmí, dárí jì mí!"

Ó ní, "Mo ti dárí jì yín, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ padà lọ bá wọn sọ̀rọ̀."

"Ta ni kí n bèèrè owó fún? O ti kú!"

"Èmi nìkan kọ́ ló ń fi àìsàn pamọ́ nínú ìjọ."

Ni mo bá jí, ẹní mi tutù fún omijé.

Ìyẹn ni mo ṣe dúró síwájú yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dáwó, owó oògùn ò parí lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, ẹ má pa àpò yín dé lọ́jọ́ ìdúpẹ́. Irọ́ ni mo pa, àbúrò mi ló fi ẹ̀mí san án. Ìwọ tó ti jẹ́rìí níbí, tí àìsàn náà ti padà dé, tó o ń rẹ́rìn-ín mọ́ wa, mo bẹ̀ ọ́, dìde kí n tó jókòó.