Ta Ní Ń Gba Pẹ̀lẹ́ Padà?

Mo já bọ́ lórí àtẹ̀gùn ilé iṣẹ́ yìí laago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ òní, apá òsì mi yẹ̀, ìwọ sì sọ pé, "Yéè, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n!" Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn, mi ò fi nǹkan kan kún un, mi ò sì yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀. Kí ló wá dé tí o jókòó síwájú mi báyìí, tí ò ń fi abẹ́rẹ́ rán ẹ̀yìn fáìlì, tí ojú rẹ dà bí ojú ẹni tí wọn ò bá sọ̀rọ̀ rí láyé? Gbójú sókè! Èmi ni mò ń bá ọ wí!

Ẹn-ẹn, o ò gbọ́. Adití ni ọ́, odi sì ni ọ́. Ọdún mẹ́fà lo ti wà nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ yìí tí ò ń tún fáìlì tó ya ṣe, Òkúta ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè ọ́, àwọn ọ̀gá á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ, wọ́n á máa sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbọ́, bí ẹni pé àga ló jókòó síbẹ̀. Ọdún mẹ́fà náà sì ni àṣírí wa ti ń jò. Òkúta! Òkúta wo ló ń kí èèyàn ní pẹ̀lẹ́?

Jẹ́ n jókòó. Áà! Apá yìí. O rí okùn pupa tó gbé e kọ́ mi lọ́rùn yìí? Okùn tí ẹ fi ń di fáìlì ni. Ìwọ lo so ó. Ìdè rẹ nìyí, ẹ̀ẹ̀mejì lo lọ́ ọ kí o tó fà á, mo ti rí irú rẹ̀ lára fáìlì tó lé ní igba láti ọjọ́ Ajé. Àbí ọwọ́ kan ni mo fi so ó fúnra mi?

Ta ní ń gba pẹ̀lẹ́ padà? Mo bi ọ́ léèrè. Èèyàn lè gba aṣọ tó yáni padà, ó lè gba àkàbà padà, ipò gan-an, wọ́n ti gbà á padà lọ́wọ́ èmi tó ń sọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n pẹ̀lẹ́! Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Tìrẹ ti fọ́ sí mi lórí láàárọ̀ yìí, pupa rẹ̀ ṣì ń ṣàn lójú mi, o wá jókòó, o ní adìyẹ ò yé.

Tí o bá ṣe é fún ẹlòmíì, mi ò ní bínú. Ṣùgbọ́n èmi! Èmi tí pẹ̀lẹ́ bà jẹ́ láyé!

Gbọ́. Ọdún méjì sẹ́yìn, èmi náà ṣe odi. Amí ni mí, iṣẹ́ tí mo kọ́ nìyẹn, mi ò mọ òmíì. Wọ́n rán mi lọ sí ilé iṣẹ́ àwọn tí à ń ṣọ́, tí àwọn náà ń ṣọ́ wa, mo di odi tó ń fọ ilẹ̀. Oṣù méje gbáko, mi ò lanu àyàfi tí mo bá fẹ́ jẹun. Wọ́n bú mi, mi ò fèsì. Wọ́n da omi gbígbóná sí mi lẹ́sẹ̀, mo kàn ń fò bíi tata ni. Ọjọ́ tí mo máa gbé ìwé tí wọ́n tìtorí ẹ̀ rán mi wá pé, ìwé ti wà ní ìsàlẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì mi, mo ti fi ọ̀rá wé e, mo ti fi àkísà bò ó, ó ku ìṣísẹ̀ méjìlá kí n dé ẹnu ọ̀nà, ni ìyá ọ̀gá wọn bá wọlé. Ìyá arúgbó, tín-ínrín bí igi ìṣáná. Wọ́n tẹ ibi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Wọ́n yọ̀. Gbì! Ẹnu mi ò bi mí léèrè. "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà! Ẹ rọra! Ẹ má bínú mà, ilẹ̀ ló tutù!"

Ká ní ẹyọ kan ni mo sọ! Odi ń ṣàlàyé! Odi ń sọ bí ilẹ̀ ṣe rí! Ìyá náà, níbi tí wọ́n nà sí nílẹ̀, wọ́n ní, "O ṣeun, ọmọ mi," kí wọ́n tó rántí pé odi ni mí, kí wọ́n tó wá figbe ta. Ojú fèrèsé ni mo gbà jáde, ẹsẹ̀ mi kan wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹsẹ̀ yẹn náà ló fa ọ̀rá ya. Nígbà tí mo máa délé, omi ọṣẹ ti fọ ìwé náà, ó mọ́ tónítóní, kò ku lẹ́tà kan.

Wọ́n gba káàdì mi. Wọ́n kọ orúkọ mi sínú ìwé àwọn tí kò gbọdọ̀ wọ ẹnu ọ̀nà yìí mọ́. Bàbá Pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pè mí. Ọdún méjì ni mo fi jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ìyàwó mi tó ń ránṣọ, òwú ni mò ń gé. Tí abẹ́rẹ́ bá gún oníbàárà kan, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á dá ẹ̀rọ dúró, wọ́n á máa wo ẹnu mi, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá màá sọ ọ́. Mo sì máa ń sọ ọ́! Kí ni kí n ṣe? Abẹ́rẹ́ gún èèyàn! Ṣé o mọ ohun tí ìyá ìyàwó mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, sọ lójú àwọn àlejò? Wọ́n ní àwọn ọkọ ọmọ táwọn èèyàn ní, ọtí ló ba tiwọn jẹ́, obìnrin ló ba òmíì jẹ́. Wọ́n ní tàwọn yìí nìkan ni ọmọlúàbí bà jẹ́.

Má rẹ́rìn-ín! Mo rí ètè rẹ, ó gbọ̀n. Ó dáa, wàá ní abẹ́rẹ́ ló gún ọ. Pẹ̀lẹ́. O rí i? Mo tún ti sọ ọ́.

Ọjọ́ Ajé tó kọjá ni ọ̀gá pè mí padà. Ó ní àṣírí ń jò nínú ilé, ó ní gbogbo àwọn tó wà níbi iṣẹ́ ló ń fura síra wọn, èmi nìkan ni wọn ò lè fura sí torí mi ò sí níbi iṣẹ́. Ó ní iṣẹ́ ìkẹyìn tí òun máa fún mi nìyí. Kí n mú ẹni náà jáde kó tó di aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, kí àṣírí rẹ̀ tú lójú òun, àti lójú akọ̀wé òun tó máa kọ ọ́ sílẹ̀. Tí mo bá mú un, wọ́n á pa orúkọ mi rẹ́ kúrò nínú ìwé burúkú yẹn, wọ́n á dá káàdì mi padà. Tí mi ò bá mú un, òwú ni màá máa gé títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Òní ni ọjọ́ Ẹtì. Wo aago ara ògiri. Aago méjì ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá.

Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo fi mọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Ajé. Mo wọlé bí ẹni tó ń wá fáìlì àtijọ́, mo sì dúró wò ọ́. Adití ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Ọlọ́run ó fọ̀run kẹ́ wọn, ojú ni wọ́n fi ń gbọ́rọ̀: tí o bá ti lanu, ojú wọn ò ní kúrò lẹ́nu rẹ. Ìwọ ńkọ́? Èèyàn á wọlé, èèyàn á jáde, o ò ní wo ẹnu ẹnikẹ́ni, abẹ́rẹ́ nìkan lò ń wò. Ẹni tó ń gbọ́ tó ń díbọ́n nìkan ni kì í wo ẹnu! Mo mọ̀ torí bí èmi náà ṣe ṣe é fún oṣù méje nìyẹn. Àṣìṣe àwa oníṣẹ́ yìí ni.

Mo ní kò burú, pẹ̀lẹ́ ló mú mi, pẹ̀lẹ́ náà ló máa mú ọ. Lọ́jọ́ Ajé yẹn, mo ṣubú sẹ́nu ilẹ̀kùn, ò ń po góòmù. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo ju fáìlì tó wúwo jù nínú yàrá yìí sí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ara mi, mo ké bí ewúrẹ́, o ṣí ojú ìwé tó kàn. Lọ́jọ́ Rú, mo ṣe bí ẹni tí omi há lọ́fun, o rọra ti ife rẹ sọ́dọ̀ mi. Lọ́jọ́ Bọ̀, mo sunkún, mo ní ìyàwó mi ti lé mi jáde, irọ́ ni, ó kàn ní kí n sún síwájú ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à ń ríran: mo rí i tí abẹ́rẹ́ rẹ dúró. O fún mi ní aṣọ ìnujú. Aṣọ ìnujú! Kí ni ọ̀gá máa fi aṣọ ìnujú ṣe? Adití náà lójú, ó lè rí ẹni tó ń sunkún! Òun nìyí, mo ti fọ̀ ọ́, gbà.

Láàárọ̀ yìí, mi ò tiẹ̀ ro tìrẹ rárá. Mò ń sọ̀ kalẹ̀, mò ń ronú ohun tí mo máa sọ fún ìyá ìyàwó mi. Àtẹ̀gùn keje, èyí tí wọ́n ti ń sọ pé àwọn máa tún ṣe láti ìgbà tí mo ṣì ní irun lórí, ó ṣẹ́. Mo yí gbirigbiri bí àgbá. Ilẹ̀kùn rẹ wà ní títì, o ò lè rí mi. Dídún nìkan lo gbọ́. O sáré jáde, góòmù wà lọ́wọ́ rẹ. "Yéè, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n! Ẹ má tíì dìde, ẹ jẹ́ n wò ó." Ṣé wọ́n ti sọ fún ọ rí pé ohùn rẹ dára? Ó há díẹ̀, bí ilẹ̀kùn tí wọn ò ṣí láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n ó dára. Èmi náà dáhùn, mo ní, "O ṣeun, àbúrò." Ìgbà náà ni àwa méjèèjì wá wo ojú ara wa.

Láti ìgbà yẹn, kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọ lẹ́nu. Mo pe ọ̀gá lórí fóònù, ọ̀gá ní, "Bàbá Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́ náà lo tún gbé dé?" Ó ní ta ló gbọ́ ọ pẹ̀lú mi. Ta ló gbọ́ ọ! Àtẹ̀gùn ló gbọ́ ọ!

Àbúrò, mi ò bínú mọ́. Irọ́ ni, mò ń bínú. Ṣùgbọ́n wo ara rẹ. Ọdún mẹ́fà lo ti ń kọjú sí ògiri jẹun ọ̀sán. Àwọn tó rán ọ wá, ṣé wọ́n ti bi ọ́ rí pé báwo lara? Mo mọ̀ wọ́n, mo fọ ilẹ̀ wọn. Ìyá ọ̀gá rẹ gan-an ńkọ́, ṣé ìdí wọn ti san? Wọn ò ní fi ọ́ sílẹ̀, àwọn tiwa náà ò ní fi ọ́ sílẹ̀: adìyẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìyẹ. La ẹnu rẹ fúnra rẹ. Mo fi orí ìyá mi búra, màá sọ pé ìwọ lo wá jẹ́wọ́, màá jókòó tì ọ́ títí wọ́n á fi kọ ọ́ tán. O mi orí? O ò mi orí. Ó dáa, eṣinṣin lò ń lé.

Ẹsẹ̀ wọn nìyẹn. Ẹ ṣọ́ àtẹ̀gùn keje o! Ẹ káàsán, ọ̀gá. Akọ̀wé, ẹ káàsán mà. Òun nìyí. Rárá sà, kò tíì tún un sọ. Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan. Àbúrò, mo bẹ̀ ọ́, ẹyọ kan péré, "ẹ káàsán" lásán, èmi fara mọ́ ọn…

Kò burú. Mo gbọ́ sà, aago méjì ti lù. Kọ́kọ́rọ́ yàrá nìyí. Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ pé mo gbìyànjú. Fìlà mi dà? Òkúta, mò ń lọ. Má tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́ jù nínú òkùnkùn yìí, wọn ò ní fún ọ ní ojú míì. Máa jẹun dáa… Yéè! Apá mi o! Irin pẹpẹ yìí ló kọ́ okùn mi!

Kí lo wí?

Kí lo wí? Ọ̀gá, ẹ dúró! Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Akọ̀wé, ṣé ẹ gbọ́ ọ? "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ fà á sí ọ̀tún." Ẹ kọ ọ́ mà, ẹ kọ "ọ̀tún" pẹ̀lú! Há-háà! Odi ń ṣàlàyé! Àbúrò mi! O ṣeun. O ṣeun jàre. Jókòó, mo ní màá jókòó tì ọ́. Pẹ̀lẹ́.

Hẹ́lò? Ọ̀gá, èmi ni. Bẹ́ẹ̀ ni sà, a ṣì wà lábẹ́ ilẹ̀ níbí. Káàdì ti wà lọ́rùn mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn pupa. Rárá, kò sá. Akọ̀wé ló ní kí n pè yín: ìwé ti tán lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní kí ẹ fi òmíì ránṣẹ́. Ó ti dárúkọ gbogbo àwọn tó rán an wá, ó ti sọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn keje, góòmù tí kì í lẹ̀ ló kù tó ń ṣàròyé lé lórí báyìí. Ó ní ìdí ìyá yẹn ti san, ó ní wọ́n ṣì ń bèèrè ọmọ tó ń fọ ilẹ̀. Ó ti ń sọ̀rọ̀ láti aago méjì. Aago mẹ́fà ti lù, kò tíì dákẹ́.