Ẹ̀kọ Oníkaun àti Ọkàn Mi Tó Wú

Ògo! Ògo! Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ jẹ́ kí n pariwo yìí tán kí n tó rojọ́, torí bí mo bá gbé e mì, yóò há mi lọ́fun. Ògo ni fún Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ọmọ mi di ẹni tí ará ilé ń gbà tọ́! Halelúyà! Ẹ wò mí dáadáa. Èmi tí mo fi ẹsẹ̀ ara mi rìn láti Ìkòsì wá sí ṣọ́ọ̀ṣì yìí ní Kétu láàárọ̀ yìí, ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, n kò lè rìn láti orí ẹní dé ẹnu ọ̀nà láìjókòó sinmi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé tíṣà ni mí kí n tó bí Ìbídùn. Wẹ́rẹ́ ni mo bí i. Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ló gbẹ̀bí mi, òun náà ló gba ìtọ́jú mi ṣe. Mùsùlùmí òdodo ni Màmá. Ó tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè lọ sí Ṣàríà lókè Ọya, ọdún méjìlá ló sì lò níbẹ̀. Níbẹ̀ ló ti kọ́ pé ìyá ọmọ gbọ́dọ̀ máa mu ẹ̀kọ oníkaun láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ogójì ọjọ́ gbáko, kí wàrà rẹ̀ lè ki. Àkọ́bí Màmá kú mọ́ ọn lọ́wọ́ torí wàrà rẹ̀ ò sun. Láti ìgbà náà, obìnrin ilé wa kan kì í bímọ kí Màmá má lọ kaun. Yóò lọ òkúta funfun yẹn lúbúlúbú, yóò bù ú sínú ẹ̀kọ gbígbóná títí yóò fi máa ta lẹ́nu.

Mo fẹ́ràn rẹ̀! N ò ní purọ́ níwájú pẹpẹ. Ogójì ọjọ́ pé, mo ní kí Màmá má dá a dúró.

Ẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ wú. Gbogbo ilé ń yọ̀. "Ẹ wo ìyá ọmọ bó ṣe ń dán! Ó jọ pé ó ń jẹun dáadáa." Èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Àfi lọ́jọ́ tí mo fi ìka tẹ ojúgun mi, tí ihò náà dúró síbẹ̀ tí ń wò mí bí ojú. Háà! Mo tún tẹ ibòmíràn, ihò mìíràn. Kò pẹ́, n kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́, ìjókòó ni mo ń sùn. Bí mo bá gbé Ìbídùn, èémí mi á máa sáré bí ti ajá tó lé ọ̀yà.

Ọkọ mi gbé mi lọ sí ilé oògùn ìjọba tó wà lẹ́bàá ọ̀nà Ìkòròdú tuntun. Bí a ṣe jókòó tí a ń retí, mo rí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo tún un kà. Wọ́n ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní Èkó ń wá àgbàlagbà, lọ́kùnrin lóbìnrin, tí ọkàn wọn tàbí ẹ̀dọ̀ wọn ń ṣàìsàn, tí ẹsẹ̀ tàbí ikùn wọn wú, kí wọ́n wá fi ara wọn sílẹ̀ fún ìwádìí.

Ẹnu yà mí. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, aláìsàn ló ń wá dókítà. Ta ló gbọ́ ọ rí pé dókítà ń wá aláìsàn kiri?

Nọ́ọ̀sì gbé ohun èlò rẹ̀ lé mi láyà, ó gbọ́, ó tún gbọ́. Ó nawọ́ sí ògiri. "Ìyàwó, ìwọ gan-an ni ìwé yẹn ń bá wí. Ọkàn rẹ ti wú."

Ọkàn tèmi? Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún! Arúgbó ni mo ti ń gbọ́ pé àìsàn ọkàn ń ṣe.

Ẹ ò bá wà nílé wa lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi, ẹni tó ni ilẹ̀ tí a kọ́lé sí, bẹ́ sí ẹ̀rín. "Ẹni tó ń wá ìgbín kiri, ṣé ó fẹ́ bá a ṣeré ni? Jíjẹ ló fẹ́ jẹ ẹ́! Ìyàwó, èwo lo fẹ́ kó fún wọn, ọkàn ni àbí ẹ̀dọ̀?"

Màmá fọwọ́ gbá àyà. "Ọmọ mi ò ní lọ. Òtútù ló mú un. Ẹ jẹ́ n fi kún kaun rẹ̀."

Ọkọ mi fi wọ́n sílẹ̀. Èmi ló kọjú sí. "Ìwọ lo ka ìwé náà. Ṣé wàá lọ?"

Mo wo Ìbídùn. Mo ní, "Máa gbé mi lọ."

Dókítà tó gbà wá, ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé. Kò fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi. Ó ní, "Ìyá Ìbídùn, a fẹ́ mọ̀ bí oúnjẹ tí kò níyọ̀ rárá, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti ìsinmi, ṣe lè fa omi kúrò lára yín. A ò tíì mọ̀ ọ́n tán, ìdí nìyẹn tá a fi ń wádìí. Ẹnikẹ́ni ò ní dè yín mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ìgbà tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ ó lọ. Ohun kan ni mo bẹ̀ yín: ohunkóhun tó bá ti ilé wá, ẹ má fi kan ẹnu." Mo fọwọ́ sí i. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ orúkọ mi.

Àwa obìnrin mẹ́fà la wà ní wọ́ọ̀dù náà. Láràárọ̀ wọ́n á gbé wa lé ìwọ̀n. Gbogbo ìtọ̀ wa, inú ìgò ni, wọ́n á sì wọn ìyẹn náà. Ìyá kan tó ti Ẹ̀pẹ́ wá, tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kángun sí tèmi, máa ń sọ pé, "Ẹlòmíràn ń sanwó orí fún ìjọba, àwa ń tọ̀ fún wọn." Ẹ̀rín ò jẹ́ ká mọ̀ pé à ń ṣàìsàn.

Lọ́sẹ̀ kejì, ìyá Ẹ̀pẹ́ ti fọn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti padà di ẹsẹ̀. Àwọn yòókù náà ń fúyẹ́. Èmi ń wúwo sí i.

Ẹ̀yin ará, mo mọ ohun tó dé. Èmi àti Màmá nìkan la mọ̀.

Ojoojúmọ́ ni Màmá ń wọ lọ́rì láti Máìlì Méjìlá wá, òun pẹ̀lú Ìbídùn lẹ́yìn rẹ̀, kí ọmọ lè mu ọyàn. Lọ́jọ́ kẹrin tí mo dé ibẹ̀, ó tú ẹrù ìlédìí ọmọ, ó yọ agolo kékeré kan jáde. Mo gbóòórùn rẹ̀, itọ́ ti kún ẹnu mi.

"Màmá, wọ́n ní a ò gbọdọ̀ jẹ iyọ̀."

"Iyọ̀ kẹ̀? Ta ló fiyọ̀ sí i? Kaun ni, ìyàwó mi. Wàrà rẹ ti ń gbẹ. O ò rí bí ọmọ ṣe ń fa ọyàn tó ń ké?" Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe Ìbídùn nìkan ló ń wò. Ọmọ tirẹ̀ tó kú ló ń wò.

Mo rò ó. Òótọ́ ni, kaun kì í ṣe iyọ̀. Èmi tí mo kàwé! Èmi tí mo dúró níwájú ọmọ iléèwé! Mo fa aṣọ borí bí ẹni tó ń fún ọmọ lọ́yàn, mo mu ún. Mo mu ún lọ́jọ́ kejì. Mo ń mu ún lójoojúmọ́.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ kẹta, dókítà dúró síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi. Ọkọ mi wà níbẹ̀. Màmá wà níbẹ̀, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Dókítà ní, "Ìyá Ìbídùn, gbogbo ohun tí a ní la ti ṣe. Kò ràn yín. Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ ó máa lọ sílé."

Ọkọ mi ní, "Kó lọ sílé lọ ṣe kí ni, dókítà?"

Dókítà sọ ojú kalẹ̀. Ẹ̀yin ará, mo mọ̀ pé ilé ni wọ́n ń rán mi lọ kú sí. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí nọ́ọ̀sì, ó sọ̀rọ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, pé kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìtọ́jú yìí kò ṣiṣẹ́ lára ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Mo gbọ́ ọ. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀pá gbá mi lórí. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kú nìkan. Bí abiyamọ mìíràn bá wú bíi tèmi lọ́la, tó bá ti Ìkòròdú wá, tó bá ti Ìṣẹrì wá, wọ́n á ṣí ìwé yẹn, wọ́n á ní ìtọ́jú yìí kò ràn abiyamọ, wọ́n á dá a padà sílé. Irọ́ mi á máa pa èèyàn lẹ́yìn tí mo bá ti kú tán! Mo ní, "Olúwa, ṣí mi lẹ́nu." Mo bojú wo Màmá. Ó ń mi orí sí mi díẹ̀díẹ̀, pé kí n má sọ ọ́.

Mo ní, "Dókítà, irọ́ wà nínú ìwé yín. Èmi ni mo pa á."

Mo sọ gbogbo rẹ̀.

"Háà! Ìyàwó mi!" Màmá figbe ta. "O dójú tì mí!"

Nọ́ọ̀sì ti tú ìlédìí, ó ti fa agolo jáde. Mo rò pé wọ́n á lé wa dànù nísinsìnyí. Dókítà ti ìka bọ̀ ọ́, ó tọ́ ọ wò. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Màmá, kí lẹ fi sí èyí?"

"Kaun ni, ọmọ mi. Mo fi Ọlọ́run Ọba búra, iyọ̀ ò kàn án."

Dókítà jókòó létí bẹ́ẹ̀dì mi, ohun tí n kò rí i kó ṣe rí. Ó ní, "Màmá, mo gbà yín gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú iyọ̀ tó ń so omi mọ́ ènìyàn lára, ó wà nínú kaun náà. Ó tún pọ̀ níbẹ̀."

 Màmá tú ọmọ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé e fún ọkọ mi, ó jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. "Èmi ni mo ń pa á? Èmi tí mo ń wọ lọ́rì lójoojúmọ́?" Ó káwọ́ lérí. Ìgbà tó tún lanu, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Àwọn ìyá ọmọ máa ń wú bẹ́ẹ̀ ní Ṣàríà. A máa ń sọ pé òtútù ni. A máa ń fi kún kaun wọn ni. Ọlọ́run mi, a máa ń fi kún un ni!"

 

Dókítà dìde, ó gbé Màmá nílẹ̀, ó fa àga fún un. Ó mú ìwé tuntun. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Báwo ni kaun náà ṣe ń pọ̀ tó? Ẹ̀ẹ̀melòó lójúmọ́?" Ó ju wákàtí kan lọ tó fi ń bi í tó sì ń kọ ọ́. Ó ní kò sí ẹnìkan nínú àwọn dókítà tó ronú láti bi wá ní ohun tí à ń mu lẹ́yìn ìbímọ. Ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́run! Màmá wa tí kò mọ ìwé kà!

Wọn ò lé mi. Wọ́n fa ìlà sí gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ nípa mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Kò sí kaun, kò sí iyọ̀ mọ́. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ yin Olúwa! ìgò kan ò gba ìtọ̀ mi mọ́, wọ́n gbé òmíràn wá. Ìyá Ẹ̀pẹ́ na ọwọ́ sókè: "Ìyàwó, ìjọba ti rí tiẹ̀ gbà!" Ní ọjọ́ kẹfà mo fẹ̀yìn lélẹ̀, mo sùn gbalaja. Nígbà tí mo jí, mo sunkún, torí mo ti gbàgbé bí òrùlé ṣe ń rí lójú ẹni tó dùbúlẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà, dókítà gbọ́ àyà mi, ó ní, "Ó ń padà sí bó ṣe yẹ. Ẹ má tíì sọ pé ó tán o. Ẹ ó máa wá kí n máa yẹ̀ yín wò, ẹ má sì tètè lóyún mìíràn." Mo sọ ìyẹn níwájú yín kí ọkọ mi lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì! Wàrà mi padà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó dẹ́kun, a fi ẹ̀kọ àti mílíìkì alágolo rọ́pò rẹ̀. Ìbídùn ti ń rákòrò. Ọlọ́run, ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun.

Ìwọ tí wọ́n sọ fún pé kò ràn ọ́, má tíì palẹ̀ mọ́. Kọ́kọ́ bi ara rẹ bóyá nǹkan kan wà tí o kò tíì sọ. Sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ràn rẹ jù lojú máa tì. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé oúnjẹ lọ fún aláìsàn, ẹ̀yin ìyá wa, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ẹ kọ́kọ́ fi han nọ́ọ̀sì.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà tó wá mi kiri. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ mi. Màmá jókòó lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ẹ ṣáà rí i, obìnrin tó wé gèlè funfun yẹn. Oṣù kan gbáko ni kò fi lè wò mí lójú. Láàárọ̀ òní, nígbà tí mo ń múra, òun ló wá bá mi ní yàrá, ó ní, "Níbo ni ṣọ́ọ̀ṣì yín wà? Mo fẹ́ gbọ́ bí wàá ṣe sọ ọ́." Màmá, mo ti sọ ọ́. Ẹ dìde dúró, kí àwọn èèyàn wọ̀nyí lè rí ẹni tí Ọlọ́run fi kọ́ dókítà.