Mo Sọ Ọmọ Kalẹ̀ Kí Àgbá Tó Dún

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ tán. Ó ti di ọdún méjì tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. N kò sọ ọ́ fún ọkọ mi, n kò sọ ọ́ fún pásítọ̀. Ohun tí mo gbọ́ lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá ló mú mi kọ ọ́.

Ìyá ọkọ mi wá sí Atlanta láti bá mi wẹ ọmọ nígbà tí mo bímọ. Oṣù mẹ́ta la jọ sọ, ó di oṣù mẹ́jọ. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ mi ní Decatur dé, Màmá á máa tún àwo tí mo ti fọ̀ fọ̀. Á ní ọbẹ̀ mi ò níyọ̀. Ó sọ fún àwọn ìyá ìjọ pé ọmú mi ò lómi, pé òun lòun ń fi ògì gbé ọmọ ró. Ẹnu mi ń sọ pé "Ẹ ṣé, Mà," inú mi ń hó. Mo fẹ́ kó máa lọ, ọkọ mi ò sì fẹ́ gbọ́.

Lọ́jọ́ kan tó ń wẹ ọmọ, ó sọ nǹkan kan fún mi tí kò sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ rí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà ogun abẹ́lé, níhà ìlà-oòrùn níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ó pọn àbúrò rẹ̀, wọ́n ń sá lọ sínú igbó, ìbọn dún. Nígbà tó máa fi sọ ọmọ kalẹ̀, ọmọ ti kú. Ó ní títí dòní, bí nǹkan bá dún gbàù, ẹ̀yìn òun lòun kọ́kọ́ máa ń fọwọ́ kàn. Ó bẹ̀ mí kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó sunkún, mo bá a sunkún. Ẹ jọ̀ọ́, òótọ́ ni mo sunkún.

Kò pé oṣù kan, mo rí ìkéde àríyá kan ní pápá kan lẹ́yìn Covington, níbi tí àwọn òyìnbó ti ń wọ ẹ̀wù irin, tí wọ́n ń gun ẹṣin, tí wọ́n ń fi ogun àtijọ́ ṣeré. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn tó múra bíi sójà ayé ọjọ́un máa yin àgbá, ìbọn ńlá wọn, ní aago méjìlá ọ̀sán. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo sọ fún Màmá pé ẹṣin la fẹ́ lọ wò.

Inú rẹ̀ dùn. Ó pọn ọmọ, ó ń wo ọkùnrin kan tó wọ irin látorí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Ìyàwó mi, báwo lèyí ṣe máa tọ̀?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo mú un lọ sí iwájú pátápátá, lẹ́bàá okùn tí wọ́n fi pààlà. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún, mo ní, "Mà, ẹ jẹ́ n gbà á, kí ẹ̀yin náà sinmi." Mo sọ ọmọ kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo fọwọ́ bo ọmọ mi létí. Ìyẹn ni ò jẹ́ kí n lè sọ fún yín pé n kò mọ̀.

Àgbá dún. Màmá fọwọ́ kan ẹ̀yìn, kò bá ọmọ. N kò gbọ́ irú igbe yẹn rí. Ó gba abẹ́ okùn bọ́ sáàárín àwọn sójà, ìró rẹ̀ ń tú, ó ń fọwọ́ wá inú koríko. "Ọmọ dà? Ọmọ ti jábọ́!" Àwọn èèyàn rò pé ara eré ni, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. N kò pè é. Mo yọ fóònù, mo ya fídíò rẹ̀.

Mo fi han ọkọ mi. Mo ní orí Màmá ti ń dàrú, pé ọpẹ́lọpẹ́ èmi tí mo tètè gba ọmọ. N kò sọ ti ogun. Ọkọ mi sunkún, ó ra tíkẹ́ẹ̀tì, Màmá padà sí Ìbàdàn. Òun gan-an ò fura sí mi. Wọ́n ní ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀. Mo da tèmi, ojú Màmá ló kó sí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò ọkọ mi bímọ ní Ìbàdàn. Ó ní àwọn ò jẹ́ kí Màmá pọn ọmọ náà, torí fídíò mi ti dé ọwọ́ gbogbo ẹbí. Màmá gba fóònù. Ó ní, "Má bá wọn jà o, ìyàwó mi. Wọ́n ṣe é dáadáa. Èmi náà ò fọkàn tán ẹ̀yìn mi mọ́."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ojú ń tì mí. Bẹ́ẹ̀, kí n má purọ́, ilé mi tutù láti ìgbà tó ti lọ, mo sì fẹ́ràn bó ṣe tutù yẹn. Bí mo bá jẹ́wọ́, ọkọ mi lè lé mi. Bí mo bá dákẹ́, Màmá máa kú láì tún pọn ọmọ kankan. Ta ni kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún, ọkọ mi ni, àbí ẹni tí mo sọ ọmọ kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀?