Ọkọ̀ Tó Rún Kí Ọkọ Mi Má Baà Rún

Páìpù! Páìpù irin tó nípọn tó itan mi lẹ ní kí wọ́n jó mọ́ iwájú ọkọ̀ ọkọ mi, Ẹ̀gbọ́n? Ẹ kú làákàyè o! Ẹ kú ọpọlọ! Ká ní panẹbítà yìí ò pè mí láàárọ̀ pé irú ọ̀dà wo lòun máa fi kun páìpù náà, ṣé bẹ́ ẹ ṣe máa parí iṣẹ́ ribiribi yìí lẹ́yìn mi nìyẹn, tí mi ò ní ráyè wá dúpẹ́?

Rárá, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi lẹ jẹ́, mo sì ti kúnlẹ̀ kí yín kí n tó lanu, ẹ wo eruku lórúnkún mi. Ìkúnlẹ̀ ti parí, ó ku ọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ tí típà yẹn já bírékì ní oríta, tó ya bá àbúrò yín tó ń ti ilé-ìwé tó ti ń ṣe tíṣà bọ̀, tí wọ́n forí sọra gbàù, ta ló kọ́kọ́ dé ọsibítù? Ẹ̀yin ni. Ẹ ṣé. Èmi ń sáré bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi, téèpù ṣì wà lọ́rùn mi, bàtà ẹsẹ̀ kan ti já sílẹ̀. Mo bá yín lẹ́nu ọ̀nà, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, báwo ló ṣe wà?" Kí lẹ fi dá mi lóhùn? Ẹ ní, "Ìyàwó, ó ti bàjẹ́ pátápátá. Iwájú ẹ̀ ti rún wómúwómú, kò sẹ́ni tó lè tún un ṣe mọ́."

Mo ṣubú lulẹ̀! Mo rò pé ọkọ mi lẹ ń sọ! Àṣé ọkọ̀ ni! Àṣé ọkọ̀ lẹ kọ́kọ́ lọ bẹ̀ wò!

Nọ́ọ̀sì ló gbé mi dìde, ló fà mí wọlé. Mo wo orí bẹ́ẹ̀dì, olówó orí mi ló jókòó síbẹ̀, ìyẹ̀fun funfun bo gbogbo ojú ẹ̀ bí olè tí wọ́n ká mọ́ ilé búrẹ́dì, àpá bẹ́líìtì pupa dábùú àyà ẹ̀ gbọọrọ, ó ní ebi ń pa òun.

Dókítà sọ ọ́ lójú yín. Ó ní bẹ́líìtì ló dì í mú sórí àga, báàgì afẹ́fẹ́ tó bẹ́ jáde nínú sítíárì, tó da ìyẹ̀fun bò ó lójú, ló gba orí ẹ̀ mọ́ra, imú ọkọ̀ tó rún yẹn ló sì jẹ ìyà náà tán kó tó dé ara ẹ̀. Ó ní wọ́n dìídì ṣe é kó máa rún ni. Ẹ mi orí, ẹ ní, "A dúpẹ́, dókítà." Nígbà tẹ́ ẹ délé ńkọ́? Ẹ ní páànù ni mo fi ẹnu dídùn mú àbúrò yín rà, ẹ̀yin lẹ máa bá a tún un ṣe kó le bí irin! Ẹ ní ká ní ọkọ̀ rẹ̀ àtijọ́ ni, onírin líle yẹn, kò ní ní ojú àpá kan.

Òótọ́ lẹ sọ. Ọkọ̀ ò ní ní ojú àpá. À bá kàn fi gbé olówó orí mi lọ sin, kó máa dán gbinrin lójú títì!

Irin tó bá kọ ìyà, ta ló ń bá a jẹ ẹ́? Ṣebí ẹni tó jókòó sínú ẹ̀ ni! Tẹ́ ẹ bá máa já bọ́ láti òkè, orí bẹ́ẹ̀dì lẹ máa fẹ́ bọ́ sí ni àbí orí sìmẹ́ńtì? Ẹ má wo panẹbítà, òun kọ́ ni mò ń bi.

Áà! Kí tún nìyí? Fóòmù! Fóòmù ìrọ̀rí ni wọ́n kì bọ inú sítíárì, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ ojú ẹ̀ pa! Ẹ ní kí wọ́n dí ihò tí báàgì afẹ́fẹ́ ti bẹ́ jáde, kó lè wuyì. Ó mà wuyì o! Tí típà mìíràn bá tún dé, fóòmù á sáré jáde wá dì mọ́ ọn, àbí? Bẹ́líìtì ńkọ́? Ó kú sẹ́nu iṣẹ́, ẹ wá ní kí wọ́n fi okùn rọ́pò ẹ̀, kí ọlọ́pàá ṣáà ti rí nǹkan láyà ẹ̀. Okùn! Ṣé ewúrẹ́ là ń kó ni?

Mo gbọ́, ìfẹ́ ló mú yín ṣe é. Mo mọ̀. Ẹ̀yin lẹ tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ìyá yín, ẹ̀yin náà lẹ sunkún jù lọ́jọ́ tí wọ́n ní kó máa bọ̀ nílé. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn! Tó bá jẹ́ ọ̀tá ni, ǹ bá fàdúrà lé e lọ. Èwo ni kí n ṣe sí ẹni tó ń fìfẹ́ jó irin mọ́ ọrùn ọkọ mi?

Ó dáa. Kọ́kọ́rọ́ rèé. Ẹ wọlé síbẹ̀. Ẹ so okùn yín mọ́ra, kẹ́ ẹ wà á lọ kọ lu ògiri yẹn, ẹ má wulẹ̀ sáré tó típà. Tẹ́ ẹ bá fẹsẹ̀ ara yín jáde, àbúrò yín á máa wà á láti òní lọ, mi ò ní yanu mọ́. Tẹ́ ò bá lè wọ̀ ọ́, ẹ ní kí wọ́n pe àwọn tó ń ra àlòkù irin kí wọ́n wá gbé e, bọ́ọ̀sì lọkọ mi máa wọ̀ títí a ó fi rí òmíràn tó mọ bí wọ́n ṣe ń rún.

Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ nà! Ẹ̀gbọ́n… ẹ̀yìn lẹ ń rìn yẹn? Ẹ̀yin akin! Ẹ rọra o, ẹ máa kọ lu panẹbítà! Hà-hà! Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Mo ní kẹ́ ẹ má rẹ́rìn-ín, mo ṣì ń bínú!